Àtúnṣe tàbí Ìpààrọ̀? Ìtàn Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ àti Ìdájọ́ Ọlọ́kọ̀, láti Challenge ní Ìlọrin

ÌFÁÁRÀ

Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ mí ni ó mọ̀ pé lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Oríkì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa retí pé ọ̀kan nínú wọn ni n óò tú palẹ̀ fún yín lónìí. Ẹ má bínú; ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀. N kì í ṣe mẹkáníìkì, n kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n fi ìtàn yẹ ìbéèrè kan wò, ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọlọ́kọ̀ kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní bi ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan: bí ẹ́ńjìnì bá dẹnu kọlẹ̀, ṣé kí a tún un ṣe ni, tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀?

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo ń wa ọkọ̀ mi bọ̀ láàárín ìgboro Ìlọrin. Oòrùn mú janjan, ọkọ̀ sì pọ̀ lójú ọ̀nà bí eéṣú. Bí mo ti dé Challenge ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ tí ó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó ti kúrò ní àárín tí ó máa ń wà, ó ti gun òkè tente. Kí n tó rí ibi yà sí, èéfín funfun ti bo iwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì sì kú pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí Challenge túmọ̀ sí ni ìpèníjà. Orúkọ àwọn ilé ìtàwé tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni; ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni àdúgbò náà ń pè níjà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìmọ̀ràn mẹ́ta ti wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta ọkọ̀ ní kí n tà á bí ó ti wà, kí n fi owó kún un, kí n ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní kí n ra ẹ́ńjìnì Bẹ́ljíọ̀mù, ó ní láàárín ọjọ́ kan ni wọn yóò ti yọ ti àtijọ́, tí wọn yóò sì ti fi èyí sí i. Ẹnì kẹta ni bàbá mẹkáníìkì kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà èwe mi. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ílì yọ, ó fi ọ́ílì tí ó wà lórí rẹ̀ hàn mí. Ọ́ílì náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí tíì tí a da mílíìkì sí, èyí tí ó fi hàn pé omi ti wọ inú rẹ̀. Mo bi í pé, "Alàájì, ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?" Ó mi orí, ó ní, "Pròfẹ́sọ̀, ẹ jẹ́ kí á tú u ná. A kì í dúró níta dá ẹjọ́ ẹ́ńjìnì."

Mo lọ sílé, mo sì ronú lórí ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá hàn sí mi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà tí ó ti wá nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Ìgbà kan wà tí àtúnṣe nìkan ni ọgbọ́n. Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ tuntun wà ní àrọ́wọ́tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbà kan sì wà tí ẹ́ńjìnì àlòkù rọrùn láti rà ju kí a tún ti ẹni ṣe lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí ìmọ̀ràn ti wá lè gba ìmọ̀ràn àná fún ìṣòro òní.

ÀÀRÒ MẸ́TA

Kí a tó dé inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ méjì náà wò. Ohun tí a bá tún ṣe ni ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè dára. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, fún ilé tí ó ń jò, fún ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ tí kò gún, àti fún ìwà ọmọ. Ṣùgbọ́n ìpààrọ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ìbátan pàṣípààrọ̀ ni. Ilé agbẹ̀dẹ ni àtúnṣe ti wá, ìsọ̀ olówò sì ni ìpààrọ̀ ti wá.

Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa ni ọkọ́ ti wà. Bí ẹnu ọkọ́ àgbẹ̀ bá jẹ tán, àgbẹ̀ kì í sọ ọ́ nù. Yóò gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ yóò sì fi iná àti ọmọ owú sọ ọ́ di ohun tí ó wúlò. Bí ó bá gbó kọjá ìyẹn, irin rẹ̀ a di ọ̀bẹ tàbí nǹkan mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì àtijọ́ fi rí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ògún, tí wọ́n sì ń bọ Ògún ní ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbà pé irin kò kú títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Yorùbá ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lójú tèmi, ààrò mẹ́ta náà ni àtúnṣe ẹ́ńjìnì dúró lé. Èkíní ni ara ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀: ṣé ẹni tí ó ṣe é ṣe é lọ́nà tí ó fi ṣeé tú, tí ó ṣeé wọ̀n, tí ó sì ṣeé tò padà? Èkejì ni ẹ̀yà tí a ó fi dípò èyí tí ó gbó: ṣé ó wà lọ́jà, ṣé ojúlówó ni, ṣé owó wa sì ká a? Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ọbẹ̀ yóò dànù, ẹ̀bi náà kò sì ní jẹ́ ti àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi ààrò mẹ́ta yìí wo ìtàn.

ÌGBÀ TÍ ÀTÚNṢE NÌKAN NI ỌGBỌ́N

Ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ mú ẹ́ńjìnì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa. Láti Èkó ni wọ́n ti ń la ọ̀nà náà bọ̀. Ó dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní ọdún 1909. Ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀búté Mẹ́ta wá di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ bí a ti ń wọn irin, bí a ti ń gé e, àti bí a ti ń fá a. Ní ti mọ́tò, ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1906, wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ là fún un ní ilẹ̀ wa. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ́kọ́ sọ títa mọ́tò àti títún un ṣe di iṣẹ́ ajé.

Ní ìgbà náà, ta ni yóò sọ̀rọ̀ ìpààrọ̀? Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ tuntun wá láti òkè òkun, ìwọ̀nba ènìyàn ni owó wọn sì ká a. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí a wá ń pè ní bọ̀ọ́lẹ̀kájà, ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì àti egungun wọn nìkan ni ó máa ń dé. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara fún wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ọwọ́ tiwa wà nínú ọkọ̀ tí a ń gùn. Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1939 sí 1945, tún kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa ní iṣẹ́ awakọ̀ àti ti mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ igi, wọ́n sì gba ọmọ iṣẹ́. Bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀dẹ náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn: ọmọ yóò bá ọ̀gá gbé fún ọdún díẹ̀, yóò máa fọ irin, yóò máa wo ọ̀gá lọ́wọ́, títí yóò fi gba òmìnira.

ÌGBÀ ỌLÁ EPO

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni owó epo rọ̀bì ga sókè lọ́jà àgbáyé. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Údójì dá àbá àfikún owó oṣù, ìjọba sì san àjẹsílẹ̀ owó náà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ra alùpùpù, ẹni tí ó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀. Ní 1975 kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ẹnu àwọn ènìyàn wa kò sì dákẹ́. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto ni wọ́n sọ ní Ìjàpá. N kò rò pé ìrísí rẹ̀ nìkan ni wọ́n wò. Ìjàpá inú àlọ́ wa kì í yára, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà tí kì í bọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yìí: afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, kì í lo omi, bóòtù mẹ́rin péré ni ó sì so ẹ́ńjìnì náà mọ́ gíáà. Ọ̀gá mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ méjì lè yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àkókò kúkúrú.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó jọba ní ìgbà náà ni Peugeot 504. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1968. Ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba ni, ọkọ̀ olùkọ́ ni, ọkọ̀ èrò láti ìlú dé ìlú sì ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ààrò kìíní ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ. Nínú ẹ́ńjìnì, inú ihò tí a ń pè ní sìlíndà ni písítíìnì ti ń lọ sókè sódò. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ògiri ihò náà a máa jẹ. Ọ́ílì a wọ ibi tí iná wà, èéfín aláwọ̀ aró a sì máa jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ara búlọ́ọ̀kù ni ògiri náà wà. Bí ó bá ti jẹ, wọn yóò gbé odindi búlọ́ọ̀kù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é fi láínà onírin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ohun kan tí ó dà bí ife tí kò ní ìdí. Omi tí ó ń tu ẹ́ńjìnì lára ń ṣàn yí i ká, ó sì ṣeé fà yọ. Mẹkáníìkì lè fa láínà mẹ́rin tí ó gbó yọ lábẹ́ igi máńgòrò, kí ó fi mẹ́rin tuntun sí i pẹ̀lú písítíìnì wọn, kí ẹ́ńjìnì náà sì padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó dé. Nínú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, àtúnṣe àti ìpààrọ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ìpààrọ̀ kékeré ni ó ń gba ńlá là.

ÌGBÀ Ọ̀WỌ́N, ÀTI ỌKỌ̀ BÀBÁ MI

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́. Ní 1978 ni ó yá owó ọkọ̀ tí wọ́n ń yá àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ra 504. Ní 1983, wọ́n tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Láínà àti písítíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n pààrọ̀, ojúlówó sì ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ bí tuntun.

Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, nígbà tí owó epo ti já wálẹ̀, ìjọba Alàájì Shehu Shagari ṣe òfin tí ó dín ọjà òkè òkun kù. Ẹ̀yà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ fò kọjá náírà mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ kò rí owó òkè òkun fi ra irin tí wọn yóò tò. Ọkọ̀ tuntun kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, ó kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ìjọba pẹ̀lú.

Ní 1987, ẹ́ńjìnì bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fín. Ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ fún un pé kí ó ní sùúrù títí òun yóò fi rí láínà gidi. Bàbá mi kò lè dúró. Ọkọ̀ náà ni ó ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, òun náà ni ó fi ń ran ìyá mi lọ́wọ́ láti kó ọjà. Ó ra ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì ní kí wọ́n fi sí i. Kò pé oṣù méjì tí èéfín fi padà. Ó tún ra òmíràn. Nígbà tí ó fi máa gbà pé ó ti tán, owó tí òun àti ìyá mi ti ń tọ́jú fún ilé ẹ̀kọ́ gíga tèmi ti wọ inú ẹ́ńjìnì lọ. Mo ti yege nínú ìdánwò JAMB lọ́dún náà, ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ni mo fi jókòó sílé. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Ìgbàkígbà tí ó bá kọjá lára ọkọ̀ náà lábẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó máa ń wò.

Mo sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá kọ orin ìyìn àtúnṣe. Àtúnṣe a máa jẹ owó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ààrò mẹ́ta wò ó, a ó rí ibi tí ọbẹ̀ ti dànù. Ara ẹ́ńjìnì dára, ọwọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì náà kò yẹ̀. Ẹ̀yà ni kò sí. Bí bàbá mi bá ti béèrè nígbà náà pé, "Èwo nínú mẹ́ta ni kò pé?" dípò "Èló ni?", bóyá ì bá ti gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ èrò.

Inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà, tí kò jìnnà sí Challenge, ni mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún tí mo fi jókòó sílé. Èmi ni mo ń bá wọn kọ orúkọ ẹ̀yà àti owó sínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èdè tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà: ẹ́ńjìnì tí ó "nọ́ọ̀kì", ọkọ̀ tí ó "kọ̀ǹdẹ́mù", "tọ́pù-sìlíndà" tí ó tẹ̀ nítorí ooru. Ọ̀gá náà a fi etí ti irin, a ní, "Ẹ gbọ́ bí ó ti ń wúkọ́, omi ni kò rí mu." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni Alàájì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó ní kí á tú u ná.

TÒKUNBỌ̀ ÀTI BẸ́LJÍỌ̀MÙ

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé ni Yorùbá ń sọ ní Tòkunbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tuntun kúrò ní àrọ́wọ́tó, tí ọkọ̀ àlòkù ilẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, orúkọ ọmọ ni àwọn ènìyàn wa fún un. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Wọn kò pè é ní ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó. Wọ́n kí i káàbọ̀ bí ẹni pé tiwa ni láti ilẹ̀. Ẹ̀yà àlòkù náà gba orúkọ ìlú: Bẹ́ljíọ̀mù. Ní Bẹ́ljíọ̀mù ni èbúté Antwerp wà, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn èbúté tí ọkọ̀ àlòkù ti ń wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ń gba Kútọnu wọlé sí ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbà yìí ni ìyípadà kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnì àlòkù pọ̀ lọ́jà, ó di pé odindi ẹ́ńjìnì kò wọ́n púpọ̀ ju ríìngì, gásíkẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀rọ àti owó iṣẹ́ lọ. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá yan ìpààrọ̀ kò ṣìwà hù. Ìṣirò rẹ̀ péye. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò ka ohun kan mọ́ ọn. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kọ́ṣẹ́ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti ń yọ ẹ́ńjìnì àti bí a ti ń so ó, ṣùgbọ́n bóyá ni ó rí ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ti wọn ihò sìlíndà rí. Nítorí pé ààrò kejì, èyíinì ni ẹ̀yà, ga jù lọ, a jẹ́ kí ààrò kẹta wọlẹ̀ láìmọ̀. A tún gbàgbé pé ẹ́ńjìnì tí a rà náà ní ìtàn tirẹ̀ tí ẹni tí ó tà á kò mọ̀, àti pé nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu títí a ó fi lọ tún un kọ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ.

Ààrò kìíní náà kò dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní, alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù wọn. Láínà onírin tín-ín-rín wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dà á pọ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù láti ibi ìsun ni. Kò ṣeé fà yọ bíi ti 504. Kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ iye epo bẹntiróò tí yóò wọlé àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Mẹkáníìkì tí ó ń fi etí gbọ́ àrùn ní láti ní ẹ̀rọ tí yóò bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀.

ÌGBÀ TIWA

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìdájọ́ ì bá rọrùn: kí gbogbo wa máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tún ti yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, wọ́n ti ibodè náà pa. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò dópin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní iye ti ìjọba sì kọjá 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Ẹni tí ó bá rántí 1986 yóò rí i pé omi yìí ti ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa rí. Tòkunbọ̀ tí ó jẹ́ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ti di ọkọ̀ olówó. Bẹ́ljíọ̀mù náà ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti padà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pé kí ó bá àwọn tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹlòmíràn. Ní Kúbà, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fòfin de òwò pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ń tún ṣe títí di òní, tí ó fi jẹ́ pé ẹ́ńjìnì orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àìní ni ó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ ti kóra jọ sí àdúgbò tí a ń pè ní Suame Magazine, wọn kò dúró de àìní nìkan. Ní 1980, yunifásítì ìlú náà ṣí ibùdó kan sí àárín wọn, níbi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn mẹkáníìkì ti ń kọ́ ara wọn ní bí a ti ń gbẹ́ irin àti bí a ti ń rọ ẹ̀yà tuntun. Yunifásítì jáde lọ bá ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí àwa kò ṣe tó nìyẹn.

ÌDÁJỌ́

Mo padà sí ọ̀dọ̀ Alàájì. Ó tú ẹ́ńjìnì náà lójú mi. Páìpù omi kékeré kan ni ó ti la láìjẹ́ pé mo mọ̀. Omi tán, ooru tẹ tọ́pù-sìlíndà, gásíkẹ́ẹ̀tì sì jó. A tún rí i pé ẹni tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe tẹ́lẹ̀ ti yọ tamosítáàtì rẹ̀ sọ nù. Àṣà yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì wa. Wọ́n gbà pé ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwa náà ti yọ ọ́ rí, Pròfẹ́sọ̀. Ẹni tí ó ṣe é kò ṣàdédé fi í síbẹ̀." Ó ṣàlàyé fún mi pé òun ni ó ń ṣe ẹnubodè fún omi, kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná jù, kí ó má sì tutù jù. Inú mi dùn sí ìdáhùn náà ju àtúnṣe lọ, nítorí ọ̀gá tí ó lè sọ pé òun ti ṣe àṣìṣe rí ni ọ̀gá tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà, ó fi ohun èlò wọn ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ògiri wọn bá ti jẹ kọjá ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà là sílẹ̀, kí n má fi kọ́bọ̀ sí i mọ́, kí n lọ wá ẹ́ńjìnì mìíràn tàbí kí n ta ọkọ̀ náà. Wọn kò tíì jẹ tó bẹ́ẹ̀. Tọ́pù-sìlíndà ṣeé fá, ìtẹ̀ rẹ̀ kò ju ohun tí ẹ̀rọ lè mú tọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì gidi, páìpù àti tamosítáàtì wà lọ́jà. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Mo ní kí ó tún un ṣe. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni a dá gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mú wá padà, tí kì í ṣe ojúlówó. Mo rántí bàbá mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọkọ̀ náà ni ó gbé mi dé ibí lónìí.

Ohun kan ni kò jẹ́ kí ayọ̀ mi kún. Nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Alàájì, ọmọ iṣẹ́ tí mo kà níbẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Nínú ṣọ́ọ̀bù Alàájì lónìí, ẹyọ kan ni. Mo bi í pé ta ni yóò máa wọn ihò sìlíndà bí òun bá sinmi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé, ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Mi ò rí èsì fún un. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ìlò ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún ìró àti fún gbólóhùn, àwọn mẹkáníìkì ti dá èdè-ìperí tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ igi, a kò sì lọ gbà á sílẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà nínú èdè náà ń lọ pẹ̀lú àwọn tí ó ni ín.

Nítorí náà, àbá tí mo mú wá síwájú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ni pé kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú yìí, bí a ti ń rán wọn lọ gba ìjálá àti oríkì sílẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mẹkáníìkì. Kí a bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì wa jókòó láti ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò nínú àṣà lásán. Kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Yorùbá tí ọmọ iṣẹ́ lè kà. Alàájì ti gbà láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bí náírà bá tún lágbára lọ́la, ìpààrọ̀ yóò tún rọrùn, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà tí ó bá ra ọkọ̀ tuntun. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe tún jẹ́ kí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kú nígbà tí ọwọ́ bá tẹ owó. Ẹ̀yà a máa wọ́n, a sì tún máa pọ̀. Ọwọ́ tí ó bá ti gbàgbé iṣẹ́, ìran kan gbáko ni yóò gbà kí ó tó rántí.